Lẹ́tà ṣíṣí sí Angélique Kidjo: mo ti yí ìbò mi padà lórí "Malaika"

Ìyá wa Angélique,

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ kú orin kíkọ. Ẹ ò mọ̀ mí rí. Yorùbá ni mo fi kọ lẹ́tà yìí nítorí mo mọ̀ pé ẹ ò ní wá ògbufọ̀: ẹni tó sọ àwo orin rẹ̀ ní Ayé lọ́dún 1994, tí Philip Glass sì ṣe orin mẹ́ta lédè Yorùbá fún lọ́dún 2014 kó lè bá ẹgbẹ́ olórin ńlá kọ ọ́ ní Luxembourg, kì í ṣe àlejò nínú èdè wa. Ìta gbangba ni mo sì ti ń kọ ọ́, nítorí ìta gbangba náà ni mo ti ń fi orúkọ yín jiyàn láti ọjọ́ yìí wá.

Orin kan ṣoṣo ló dá iyàn náà sílẹ̀: "Malaika". Ó ti lé lógún ọdún tí èmi àti ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ti ń fà á. Òun ní kò sẹ́ni tó kọ ọ́ tó Miriam Makeba, olórin ọmọ South Africa, láyé àti lọ́run. Èmi ní Angélique Kidjo ni, ti inú àwo Logozo tó jáde lọ́dún 1991, pé kó lọ fọ etí rẹ̀ kó tún padà wá. A ti jà á lórí fóònù, a ti jà á níbi ayẹyẹ. A tilẹ̀ ti jà á lọ́jọ́ tí òtútù mú un, tó dùbúlẹ̀, tó ń fi ohùn tó ti há júwe fún mi bí Makeba ṣe ń rọra gbé ìlà kejì kalẹ̀. Lóṣù tó kọjá, mo yí ìbò mi padà. N kò lọ gbè sẹ́yìn ẹ̀gbọ́n mi o, ẹ fọkàn balẹ̀. Ṣùgbọ́n n kò sí lẹ́yìn yín mọ́, mo sì rò pé ó yẹ kí ẹ gbọ́ ọ lẹ́nu èmi fúnra mi.

Kí n tó sọ ibi tí mo yà sí, ẹ jẹ́ kí n sọ bí orin yìí ṣe mú mi. Ọ̀rọ̀ tó fi bẹ̀rẹ̀, ọ̀rọ̀ ilé ni. Ọwọ́ èdè Lárúbáwá ni Swahili, èdè ìlà oòrùn Áfíríkà tí wọ́n fi kọ orin náà, ti yá a, ibẹ̀ náà ni àwa ti yá tiwa, kò sì sí ọmọ ilé kéú tí kò mọ ẹni tí wọ́n ń pè ní mọ̀láíkà. Nígbà tí mo kọ́kọ́ gbọ́ ọ lọ́mọdé, orin ìwàásù ni mo pè é. Mo ní ẹni tó ń kọ ọ́ ń bẹ áńgẹ́lì fún nǹkan kan ni, torí ohùn ẹ̀bẹ̀ ni. Ìgbà tí mo dàgbà ni mo tó mọ̀ pé ọmọbìnrin ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀, pé ọ̀dọ́mọkùnrin kan ló dúró níwájú ẹni tí ọkàn rẹ̀ yàn, tó ń sọ fún un pé òun ì bá gbé e níyàwó, àmọ́ òun ò lówó. (Ẹ̀yin náà ẹ wo orúkọ yín: Angélique, ti áńgẹ́lì. Kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan, kì í ṣe ẹ̀ẹ̀mejì, tí mo ti rò ó pé orúkọ ara yín lẹ ń pè nínú orin yẹn.)

Orin ìfẹ́ pọ̀ tó jẹ́ pé ikú ló ya àwọn méjèèjì, tàbí ẹlòmíràn tó gba àárín wọn kọjá, tàbí omi òkun. Nínú èyí, owó ni. Ní ìgbà àkọ́kọ́, mali ni ọmọkùnrin náà pè é, ìyẹn ọrọ̀, dúkìá, ohun tí ọkùnrin gbọ́dọ̀ ní kó tó dé iwájú àna. Nígbà tó tún padà sórí ọ̀rọ̀ náà, pesa ló pè é, owó tí à ń kà lọ́wọ́. Ó ní ó ń da ọkàn òun láàmú. Lẹ́yìn ìyẹn ló wá pe ọmọbìnrin náà ní kidege, ẹyẹ kékeré, ó ní ó wà lọ́kàn òun. Ó tán. Kò búra, kò ṣèlérí pé òun ń lọ ṣiṣẹ́ òun á padà wá, kò bú àna. Ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ máa ń yà díẹ̀ láti ẹnu kan sí ẹnu kejì, pàápàá níbi ẹyẹ yẹn, ṣùgbọ́n ọ̀nà kan náà ni gbogbo wọn ń tọ̀.

N kò gbọ́ Swahili o. Ìwé atúmọ̀ èdè ni mo fi ń tú u ní ìlà kọ̀ọ̀kan, bí ẹni ń ṣa òkúta kúrò nínú ẹ̀wà. Nínú ìṣà yẹn ni mo ti rí ohun kan tó dùn mọ́ mi. Bí ọkùnrin bá gbé ìyàwó, kuoa ni wọ́n ń pè é. Bí obìnrin bá lọ sílé ọkọ, kuolewa ni. Ẹ̀yin àti Makeba, obìnrin ni yín, ṣùgbọ́n kuoa tó jẹ́ ti ọkùnrin lẹ fi sílẹ̀ bó ṣe wà, ẹ ò yí i padà kó lè bá yín mu. Ẹni tó bá wá ń sọ pé orin obìnrin ni "Malaika" nítorí pé obìnrin ló gbé e yí ayé ká, ẹ bá mi sọ fún un pé ẹnu ọkùnrin kan lẹ yá.

Ta wá lọkùnrin náà? Ìjà wà níbẹ̀. Fadhili William, ọmọ Kenya, ló gbé e jáde sínú àwo ní Nairobi ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960, orúkọ tirẹ̀ ló sì wà lára ọ̀pọ̀ àwo. Adam Salim, ará Tanzania, ní òun lòun ṣe é, pé láti ọdún 1945 ni, nítorí ọmọbìnrin kan tí wọn ò fún òun fẹ́. Grant Charo, ọmọ Kenya, ní tòun ni. Fadhili kú lọ́dún 2001, ẹjọ́ náà ò tíì parí lẹ́nu aráyé. Èmi ò dá a. Mo kàn ń wò ó ni: orin ẹni tí kò ní nǹkan kan lọ́wọ́, òun ni gbogbo èèyàn ń dìde sí pé tèmi ni, tèmi ni.

Láti Nairobi ni ẹsẹ̀ rẹ̀ ti kúrò nílé. Makeba gbé e. Òun àti Harry Belafonte, olórin ọmọ Amẹ́ríkà, fi í sínú àwo tí wọ́n jọ ṣe lọ́dún 1965, èyí tó gba Grammy lọ́dún kejì. Pete Seeger ti Amẹ́ríkà kọ ọ́. Àwọn Hep Stars kọ ọ́ ní Sweden, ẹgbẹ́ tí Benny Andersson ń tẹ dùùrù fún kó tó di ará ẹgbẹ́ olórin ABBA. Usha Uthup ti India kọ ọ́. Ẹgbẹ́ Boney M. gbé e dé Jámánì lọ́dún 1981, wọ́n da ìlù ijó bò ó lórí. Àwọn tó kọ ọ́ nílé ìtura àti níbi ayẹyẹ, kò sẹ́ni tó lè kà wọ́n tán.

Mo ti ro ohun tó jẹ́ kí orin yìí rọ gbogbo ẹnu lọ́rùn bẹ́ẹ̀, ibi tí mo sì parí rẹ̀ sí ni pé Swahili kò ní ohùn òkè àti ohùn ìsàlẹ̀ bíi tiwa. Bí ẹ bá fa ọ̀rọ̀ wọn lọ sókè, ohun kan náà ló ń jẹ́. Bí ẹ bá rọ̀ ọ́ wálẹ̀, kò yí padà. Olórin lè fi ṣe bó ti wù ú. Èmi gbìyànjú ẹ̀ẹ̀kan láti yí i sí Yorùbá, pé kí n fi dá ẹ̀gbọ́n mi lára yá lọ́jọ́ ìbí rẹ̀. Ibi owó ni mo kú sí. Ohùn orin ń sọ̀ kalẹ̀ níbi tí owó ti yẹ kó gòkè, bí mo ṣe la ẹnu báyìí, òwò ni mo ń kọ. Ọ̀rọ̀ ìfẹ́ di ọ̀rọ̀ ìṣòwò. Ẹ̀gbọ́n mi rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń kọrin ní èdè wa àti ní èdè mìíràn, ẹ mọ ohun tí mò ń sọ.

Ó dáa. Òru Sátidé kan lóṣù tó kọjá. Kò sí iná nínú yàrá àfi ti ojú fóònù. Mo ti íápíìsì bọ etí méjèèjì, mo mú bébà kan, mo kọ orúkọ àwọn olórin sí ẹ̀gbẹ́ kan, mo ṣí ẹ̀gbẹ́ kejì sílẹ̀. Mo ti sọ fún ara mi pé n kò ní wo ohùn ta ló dùn jù, nítorí iyàn yẹn ló ti ń gbà wá lógún ọdún láìníláárí. Ibi kan ṣoṣo ni mo fẹ́ fetí sí: ibi tó ti dárúkọ owó.

Ti Boney M. ni mo kọ́kọ́ fi sí i. Ẹ má fi mí rẹ́rìn-ín, ẹsẹ̀ mi ti ń janlẹ̀ kí n tó mọ̀. Ó dé ibi owó, ìlù ò dúró, àwọn obìnrin yẹn pa ohùn pọ̀, ó gún régé, ó ń dán. Mo kọ ọ́ síwájú orúkọ wọn: "Ẹni yìí ti rówó." N kò fi bú wọn. Ọ̀pọ̀ ẹni tó mọ orin yìí lónìí, ibẹ̀ ló ti mọ̀ ọ́n, ijó náà sì ní àyè tirẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń jó lórí àìlówó rẹ̀, ó ṣeé ṣe kí ìṣòro náà má tíì kan egungun.

Ti Makeba àti Belafonte tẹ̀ lé e. Ohùn méjèèjì bára mu bí ọwọ́ àti ìbọ̀wọ́. Ohun tó ń yọ mí lẹ́nu níbẹ̀ kékeré ni, àmọ́ ó ń yọ mí lẹ́nu: àwọn méjèèjì jọ ń kọ ọ́. Bí ọmọbìnrin náà bá ń bá a gbè é, ṣebí a jẹ́ pé ó ti gbà nìyẹn? Kí ló wá ń dá wọn dúró? Kí wọ́n dìde kí wọ́n máa lọ.

Ibi tí Makeba ti dá kọ ọ́ yàtọ̀. Mo gbà fún ẹ̀gbọ́n mi, kó má sì tún lọ máa fi ṣe fáàrí. Ó ń rọra kọ ọ́ bí ìyá tó ń rẹ ọmọ lẹ́kún, kò sí ìkánjú kankan, bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń gbé ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan kalẹ̀ bí ẹni ń gbé ẹyin. Ó dé ibi owó, ohùn rẹ̀ rọ̀ sí i. Ohun tí mo gbọ́ nínú rẹ̀ ni ẹni tí ọ̀ràn náà ti ṣẹlẹ̀ sí tipẹ́tipẹ́, tí ó ti dárí ji owó, tó jókòó ní ọjọ́ alẹ́ tó ń sọ ọ́ fún àwọn ọmọ rẹ̀. Ó dùn, ó ń dunni. Ṣùgbọ́n ọmọkùnrin inú orin yìí kò tíì dàgbà dé ibẹ̀. Òní ni ọ̀rọ̀ tirẹ̀. Ọmọbìnrin náà ṣì wà níwájú rẹ̀.

Mo wá dé orí tiyín.

Ẹ̀yin mọ bí ẹ ṣe kọ ọ́, kò yẹ kí n máa júwe rẹ̀ fún yín. Irun ara mi dìde, bó ṣe máa ń dìde láti ìgbà tí mo ti ń gbọ́ ọ nínú kásẹ́ẹ̀tì tí okùn rẹ̀ máa ń jáde, tí mo máa ń fi bírò yí padà. Ẹ fà á gùn, ẹ gbé e sókè, ẹ sọ̀ ọ́ kalẹ̀, ó dà bí ẹni pé ilé ńlá kan ni ẹ wà nínú rẹ̀ tẹ́ ẹ ń ṣí ilẹ̀kùn rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ó dé ibi owó, mo gbé bírò, n kò rí nǹkan kọ. Mo dá a padà. N kò tún rí nǹkan kọ. Ìgbà kẹta ni ọwọ́ mi kọ ọ́ fúnra rẹ̀, mo sì bínú sí ohun tí mo kọ: "Bàbá wo ni yóò gbọ́ ohùn yìí, tí yóò tún ní kó lọ wá owó wá?"

Ibẹ̀ ni ọwọ́ mi ti já, Ìyá wa. Ohùn yín ti pọ̀ jù fún ọmọkùnrin náà. Ẹni tó bá lè fi irú ohùn yẹn bẹ̀bẹ̀, ọrọ̀ ti wà lọ́wọ́ rẹ̀, kó máa gbé ìyàwó rẹ̀ lọ. Tí mo bá ń gbọ́ yín, ẹ̀yin ni mò ń rò, n kì í ro ọmọkùnrin náà mọ́. Ogún ọdún gbáko ni mo sì fi ń pe ìyẹn ní ohun tó dára jù nínú rẹ̀.

Nígbà tí mo fi ti Fadhili sí i, agogo ti kọjá méjì. Mo ti gbọ́ ọ rí, mo sì ti fojú di í rí, bí èèyàn ṣe ń fojú di ẹni tó kọ́kọ́ ṣe nǹkan kí àwọn ọ̀gá tó dé. Ohùn rẹ̀ kò tóbi. Gìtá wà níbẹ̀, kò gbìyànjú láti ya ẹnikẹ́ni lẹ́nu. Ó ń kọ ọ́ lọ ní pẹ̀lẹ́tù, ó dé ibi owó, ó kọjá. Kò fà á, kò gbé e sókè, kò rọ̀ ọ́. Ó sọ ọ́ bí ẹni sọ gbèsè tó jẹ, ó sì kọjá.

Mo mọ bí èèyàn ṣe ń sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Èmi náà ti dúró níwájú ẹnìkan rí láti sọ fún un pé ọwọ́ mi ò tó o. Okùn sálúbàtà mi kan ti já, mo fi wáyà so ó, orí wáyà yẹn ni ojú mi wà ní gbogbo ìgbà tí mò ń sọ̀rọ̀. Mo ti há ọ̀rọ̀ náà sórí láti ọjọ́ mẹ́ta, pẹ̀lú ibi tí n ó ti dánu dúró àti ibi tí n ó ti gbé ojú sókè wò ó. Nígbà tó tó àkókò, ìlà kan ni gbogbo rẹ̀ jẹ́, mo sọ ọ́ tán kó tó mọ̀ pé mo ti bẹ̀rẹ̀. Mo sì bọ́ sórí ọ̀rọ̀ òjò. Mo ní ó jọ pé òjò máa rọ̀. Ojú ọ̀run mọ́ kedere.

Ọmọkùnrin inú orin yẹn náà, lẹ́yìn tó ti sọ̀rọ̀ owó tán, ọ̀rọ̀ ẹyẹ ló bọ́ sí. Mo ti gbọ́ "Malaika" láìmọye ìgbà kí n tó rí ìyẹn. Mo ti ń pe ẹyẹ náà ní ewì, ọ̀rọ̀ dídùn tí wọ́n fi ṣe orin lọ́ṣọ̀ọ́. Nínú ti Fadhili ni mo ti wá gbọ́ ọ pé ojú ló ń tì í, pé ó ń wá ibi tó máa sá sí ni. Kò sí ẹlòmíràn nínú àwọn tó wà lórí bébà mi tó jẹ́ kí n gbọ́ bẹ́ẹ̀, nítorí gbogbo wọn ló dúró lórí owó pẹ́ títí, wọ́n fi ohùn tó dára ṣe é lọ́ṣọ̀ọ́, nígbà tí wọ́n fi dé ibi ẹyẹ, ojú ò ti ẹnikẹ́ni mọ́.

Mo pe ẹ̀gbọ́n mi láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Mo ka ohun tí mo kọ fún un láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ó dákẹ́ díẹ̀, ó ní, "Ṣé ohun tí ò ń sọ ni pé ẹni tí ohùn rẹ̀ kéré jù ló mọ̀ ọ́n kọ jù?" Mo ní rárá, Fadhili mọ orin kọ dáadáa, èmi kàn ń sọ pé kò ní ju ohun tí ọmọkùnrin náà ní lọ. Ó ní, "Ìwọ kàn ń wá ẹni tó jọ ẹ́ ni. Ọ̀rọ̀ sálúbàtà ni ò ń bá kiri." N kò rí èsì fún un títí di bí mo ṣe ń kọ lẹ́tà yìí. Bóyá òótọ́ ló sọ. Bóyá òun náà, ẹni tó dárí ji owó ló ń wá nínú ti Makeba; mo mọ ọ̀rọ̀ kan nípa ìgbà ọ̀dọ́ rẹ̀ tí kò yẹ kí n kọ síhìn-ín.

Ẹ̀bẹ̀ kan ṣoṣo ló wà lọ́rùn mi. Ẹ̀yin kì í bẹ̀rù láti tún ilé onílé kọ́. Ẹ mú odindi àwo Remain in Light ti ẹgbẹ́ Talking Heads ti Amẹ́ríkà, ẹ tún un kọ lọ́dún 2018. Ọdún tó tẹ̀ lé e, ẹ kó orin Celia Cruz, olórin ọmọ Cuba, jọ, ẹ sọ ọ́ di tiyín, ó sì gba Grammy. Ẹ sì ti kọ "Malaika" láti ìgbà tí ẹ kò tíì ju ọmọ ọgbọ̀n ọdún àti díẹ̀ lọ, nígbà tí ohùn yín ń wá ibi tí yóò gbà jáde. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un kọ nísinsìnyí. Gìtá kan, kó má ju bẹ́ẹ̀ lọ. Kó má sí ìlù, kó má sí agbè. Ẹ kọ ọ́ bí ẹni tí ẹnìkan ṣoṣo ń gbọ́, tí kò sì dá a lójú pé ẹni yẹn fẹ́ gbọ́. Bí ẹ bá dé ibi owó, ẹ bá mi kọjá kíákíá lọ sọ́dọ̀ ẹyẹ.

Ọjọ́ tó bá jáde, fóònù ẹ̀gbọ́n mi ni n ó kọ́kọ́ pè.

Èmi ni,
ẹni tó ti ń gbọ́ yín láti ìgbà kásẹ́ẹ̀tì